Ẹni Tó Dúró Lẹ́nu Kànga

Láti àárọ̀ àná tí Fẹ́mi ti gbé ẹ̀rọ yẹn wọ inú ọgbà yìí, n kò tíì jẹ ohun tí ènìyàn lè pè ní oúnjẹ. Ìyàwó rẹ̀ se ọbẹ̀ ẹja fún mi lálẹ́ àná, mo fi ṣíbí rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, mo ní kí wọ́n gbé e kúrò. Ẹ rò pé àìsàn àgbà ni. Kì í ṣe àìsàn. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo sọ ọ́ jáde báyìí kí ẹ yé máa wo ojú ara yín tí mo bá ń kọjá. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, yóò sá, ẹ sì mọ̀ pé n kì í ṣe ẹni tó máa ń sá fún nǹkan púpọ̀.

Ẹ sún mọ́ mi. Sandrine, fi tẹlifóònù yẹn sílẹ̀ ná. Bí Yorùbá mi bá jìn jù fún ọ, bi ẹ̀gbọ́n rẹ, yóò fi Faransé là á yé ọ. Ìwọ Fẹ́mi, ìwọ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Lọ́la, kí oòrùn tó mú, o fẹ́ ṣí ìdérí kànga tó wà lẹ́yìn ilé wa yìí. O fẹ́ fi pákó méjì dábùú inú rẹ̀, o fẹ́ gbé ẹ̀rọ tó ń mu bẹntiróòlù lé orí pákó náà, kí o sì sọ̀kalẹ̀ lọ bá a, kí o fa omi ìdọ̀tí jáde, kí o kó ẹrẹ̀. O ní omi náà jìn, pé ẹ̀rọ kò lè fà á láti òkè. Òótọ́ lo sọ. O ní láti oṣù tó kọjá ni omi ẹ̀rọ kò ti yọ dáadáa ní àdúgbò PK12 yìí, pé ọmọ tuntun wà nínú ilé, pé ìyàwó rẹ ń fi ike kékeré bu omi wẹ ọmọ bí ẹni ń bu oògùn. Òótọ́ náà ni. N kò bá ọ jiyàn. Omi kò lọ́tàá. Ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ ni bí àwa ṣe ń wọ kànga nígbà tiwa, kí o gbọ́ ọ tán kí ilẹ̀ tó mọ́.

Nígbà tí mo dé Libreville, ibi tí a jókòó sí yìí, igbó ni. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé òun ń lọ kọ́lé sí PK12, wọn á bi í pé kí ló ṣẹ̀ nílé. Àwọn ènìyàn wa tó rí ilẹ̀ rà nígbà yẹn, ẹ̀yìn Sibang ni wọ́n ń rà á sí, níbi tí ọ̀pá omi kò dé. Ilé kọ̀ọ̀kan ló gbẹ́ kànga tirẹ̀. Kànga kì í sì í ṣe ohun tí a ń gbẹ́ tí a ń fi sílẹ̀. Ewé ń wọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀lọ́ ń wọ̀ ọ́, ẹrẹ̀ ń ga nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, títí korobá yóò fi máa kan ẹrẹ̀ kó tó kan omi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò bá ti dá, tí omi bá ti lọ sílẹ̀, ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pe èmi àti Sàlíù.

Ẹ kò mọ Sàlíù. Ìyá yín pàápàá kò mọ̀ ọ́n, torí n kò tíì gbéyàwó nígbà náà. Nàgó ni, ọmọ Ṣábẹ̀ ní ilẹ̀ Benin, Mùsùlùmí. Èmi jẹ́ ọmọ Ṣakí, Kìrìsìtẹ́nì. Èdè rẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi díẹ̀, ibi tí kò bá sì ti bá ara mu, yóò fi Faransé dí i. Mo fi ọdún mẹ́rin jù ú, nítorí náà Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí, kò pe orúkọ mi rí lẹ́ẹ̀kan. Ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó mọ ọ̀nà gbà wọ ibi tóóró, òun ló sábà máa ń sọ̀kalẹ̀. Nígbà ààwẹ̀ nìkan ni èmi ń sọ̀kalẹ̀ dípò rẹ̀, torí ẹni tí kò mu omi láti ìdájí kò yẹ kó wọ kànga. Òun ló kọ́ mi pé ènìyàn lè wà láàárín omi kí òùngbẹ pa á.

Bí a bá dé ilé kan, nǹkan àkọ́kọ́ tí a óò ṣe ni pé a óò ṣí ìdérí kànga, a óò jókòó. Ìyẹn nìkan. Onílé yóò wò wá títí, yóò ní, "Ẹ kò níí bẹ̀rẹ̀ ni?" A óò ní kànga ń mí. Kànga tó ti wà ní bíbò fún ìgbà pípẹ́, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti kú, ẹni tó bá sì fà á símú yóò bá a kú. A lè jókòó láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi mú. Lẹ́yìn náà, a óò tan àtùpà, a óò so okùn mọ́ ọn, a óò máa sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí iná rẹ̀ bá dúró dé ìsàlẹ̀, a lè wọ̀ ọ́. Bí iná bá rẹ̀, tó bá ṣe bí ẹni fẹ́ sùn, a óò fà á sókè, a óò sì máa lọ sílé wa. Ó di ọjọ́ kejì nìyẹn. Onílé lè bínú, ìyẹn kò kàn wá.

Ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ yóò so okùn mọ́ abẹ́ apá, bó ti wù kó mọ iṣẹ́ tó. Lẹ́yìn náà ni kíka korobá. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nìyí. Bí korobá ẹrẹ̀ àkọ́kọ́ bá kún, ẹni ìsàlẹ̀ yóò kígbe pé, "Ení!" Ẹni tó wà lókè yóò dá a lóhùn, "Ení, mo gbà á!" Yóò fà á, yóò dà á nù, yóò sọ korobá padà. "Èjì!" "Èjì, mo gbà á!" Bẹ́ẹ̀ ni títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwọn onílé rò pé torí owó ni a ṣe ń kà á. Kò kan owó, iṣẹ́ ojúmọ́ ni wọ́n ń san fún wa. À ń kà á kí ẹni òkè lè mọ̀ pé orí ẹni ìsàlẹ̀ ṣì pé. Afẹ́fẹ́ burúkú kì í kọ́kọ́ mú ọwọ́, kì í mú ẹsẹ̀. Ọgbọ́n orí ló ń kọ́kọ́ mú. Nítorí náà, bí ẹni ìsàlẹ̀ bá fo oókan nínú oǹkà, bó bá pe ẹ̀rìnlá lẹ́ẹ̀mejì, a kì í bi í léèrè pé kí ló dé. Fífà la ń fà á jáde.

Mo fa Sàlíù jáde bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan lẹ́yìn Sibang. Ó pe ẹ̀rìndínlógún, mo gbà á, ohun tí mo tún gbọ́ ni èjìdínlógún. Mo gbá okùn mú. Ó ń lu ògiri kànga bọ̀, ó ń bú mi ní èdè mẹ́ta. Nígbà tí orí rẹ̀ yọ, ẹrẹ̀ ti bo ojú rẹ̀, eyín nìkan ló funfun.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, c'est quoi ça? Kí lèyí? Mo ṣì ń ṣiṣẹ́."

Mo ní, "O fo ẹ̀tàdínlógún."

"Ẹ fa mí láti ìsàlẹ̀ yẹn nítorí ẹ̀tàdínlógún?"

"Nítorí rẹ̀ ni."

Ó jókòó sórí ilẹ̀, ó wò mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní oǹkà wa ló burú, pé láti orí ẹ̀ẹ́dógún la ti ń ka nǹkan sẹ́yìn bí ẹni ń rìn lọ́nà òkùnkùn, pé ní Faransé òun kò ní ṣìnà. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ka ti Yorùbá dé ẹ̀ẹ́dógún, tí a ń ka ti Faransé lẹ́yìn rẹ̀. "Seize!" "Seize, mo gbà á!" Àwọn ènìyàn ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin kò tíì dé ìsàlẹ̀ kànga rí. Ọ̀run kéré lókè bí àwo. Omi tutù lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ, o ń gbọ́ èémí ara rẹ ní etí ara rẹ. Nígbà mìíràn, ògúlùtu kékeré kan yóò já láti ara ògiri, yóò bọ́ sómi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, pọ̀. Ìwọ yóò dúró. Ìwọ yóò máa retí bóyá òmíràn ń bọ̀, bóyá gbogbo rẹ̀ ń bọ̀. Kò sí ohun tó ń so ọ́ mọ́ ayé ju okùn yẹn lọ àti ohùn ẹni tó ń sọ pé mo gbà á. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Mo ti wà ní ipò méjèèjì, ti òkè ló le jù. Ẹni ìsàlẹ̀ ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ń mú un gbàgbé ẹ̀rù. Ẹni òkè kò ní ohun tí yóò ṣe ju kó má lọ síbì kan.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ burú. Ohun tí a ń rí nínú kànga! Bàtà ẹsẹ̀ kan, ọmọ odó, ṣíbí tí kò lóǹkà, eyín àtọwọ́dá bàbá kan tó ti sọ fún gbogbo ilé pé olè ló jí i. Ìyá arúgbó kan wà, ọmọ ilẹ̀ Gabon, tó sin ẹja àrọ̀ kan sínú kànga rẹ̀ kó máa jẹ ìdin ẹ̀fọn. Ẹja náà ti tóbi tó apá mi. Nígbà tí Sàlíù fi korobá gbé e sókè, ìyá náà bú sẹ́kún, ó ní, "Doucement, doucement, ẹ má ṣe é léṣe." Bẹ́ẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ da omi Javel sí kànga lẹ́yìn tí a bá fọ̀ ọ́ tán, omi tó ń ta imú, tó ń pa kòkòrò yẹn, ẹja kò sì lè padà sínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ìyá gbé ẹja sínú bàsíà ńlá, ó gbé e sínú yàrá rẹ̀. Nígbà tí a padà lọ, ó ní kò jẹ́ kí òun sùn, pé ó ń bá òun sọ̀rọ̀.

A máa ń padà lọ ni, nítorí ẹni tó fọ kànga ni yóò kọ́kọ́ mu omi rẹ̀, lójú onílé àti gbogbo ará ilé. Àṣà wa nìyẹn. Wọn á fa korobá àkọ́kọ́, wọn á bù ú sí ife, èmi àti Sàlíù á mu ún tán pátá, lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ á tó fi igbá bù ú. Tó bá sún mọ́ ọdún òmìnira ilẹ̀ yìí, tí àlejò ń bọ̀ láti ìgbèríko, tàbí tó bá jẹ́ pé Iléyá bọ́ sígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a lè mu omi kànga mẹ́ta lọ́jọ́ kan. Inú mi á máa ró bí mo bá ń rìn. Lónìí, ẹ̀rọ ń fa omi lọ sínú àgbá dúdú ńlá lórí òrùlé, ẹ kò mọ ojú kànga tí ẹ ń mu. Tí omi ẹ̀rọ bá sì dé àdúgbò, wọn á fi sìmẹ́ńtì dé kànga, wọn á gbàgbé rẹ̀. Kànga tí wọ́n gbàgbé kì í gbàgbé. Ti ẹ̀yìn ilé wa yìí, ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí ìdérí rẹ̀ ti wà lórí rẹ̀.

Mo ń fà á gùn. Mo mọ̀. Ẹ̀rù ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ ló ń bà mí.

Ilé Màmá Bíọ́lá ni, lẹ́yìn Sibang. Ọmọ ìlú wa ni ìyá náà, aṣọ ló ń tà, ènìyàn dáadáa ni. Kànga rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ìdáná, ó fi páànù ṣe òrùlé lé e kí ewé má baà bọ́ sínú rẹ̀. Nígbà òjò, abẹ́ òrùlé yẹn náà ló gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sí, kó má tutù. Ibẹ̀ náà ló ṣì wà nígbà tí a dé. A sọ fún un bí a ti ń sọ fún gbogbo onílé, pé kó má tan rédíò, kó má dáná igi nítòsí, kó má tan jẹnẹrétọ̀ títí a óò fi jáde. Ó ní òun gbọ́. Kò sí iná mànàmáná lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ní kò burú, òun kò ní ohun tí òun fẹ́ fi iná ṣe. Kànga mí tó. Àtùpà dé ìsàlẹ̀, iná rẹ̀ dúró gbọnyin. Sàlíù so okùn, ó sọ̀kalẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

A ti kọjá vingt, ìyẹn ogún, nígbà tí mo gbọ́ ohùn Bàbá Alága níwájú ilé. Bàbá Alága ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú wa ní Libreville nígbà náà. Òun ló gbà mí sílé nígbà tí mo dé tí n kò mọ ọwọ́ òsì mi yàtọ̀ sí ọ̀tún. Òun ló bá mi wá ìwé ìgbélùú, òun ló fi mí han àwọn tí mo kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́. Mo gbọ́ tí Màmá Bíọ́lá ń kí i, tó ń sọ pé èmi náà wà lẹ́yìn. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò gbọ́ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà níwájú ilé, tí yóò jókòó sí ẹ̀yìn ilé kó má lọ dọ̀bálẹ̀? Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí lè sọ pé, "Bonjour, papa," láti ẹnu ọ̀nà, kí ẹ máa lọ. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn á ròyìn rẹ dé Ṣakí.

Mo na ọrùn sínú kànga, mo ní, "Sàlíù, Bàbá Alága dé o."

Ó ní, "Mo gbọ́ ohùn wọn, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ lọ kí wọn. Ẹ bá mi kí wọn."

"Má ṣe nǹkan kan títí màá fi dé."

"D'accord. Mo fara ti ògiri, mò ń sinmi."

Mo so okùn mọ́ òpó, mo lọ.

Ẹrẹ̀ wà lára mi, síbẹ̀ mo dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì níwájú Bàbá. Bàbá bi mí léèrè ilé, ó bi mí léèrè ọ̀nà, ó bi mí bí ara ìyá mi ti rí nílé, bí mo ti rí lẹ́tà gbà sí. Mo ń dáhùn, mo ń sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní ṣé èmi nìkan ni mo wá ṣiṣẹ́ ni. Mo ní Sàlíù wà nínú kànga, ó ní kí n kí wọn.

Bàbá ní, "Háà, ọmọ dáadáa. Kúnlẹ̀, jẹ́ kí n gbàdúrà fún ẹ̀yin méjèèjì. Iṣẹ́ yín yìí, àdúrà ló ń gbani níbẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. Bàbá gbé ọwọ́ lé mi lórí. Kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ jẹnẹrétọ̀ tó wú ikọ́ lẹ́yìn ilé, tó wú u lẹ́ẹ̀kejì, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Màmá Bíọ́lá ni. Àlejò ńlá dé ilé rẹ̀, ooru ń mú, ó fẹ́ kí fáànù yí fún Bàbá, kí ohun mímu inú fíríìjì tutù fún un. Inú rẹ̀ dùn, ó gbàgbé. Kò sí ìkà kankan nínú rẹ̀.

Èmi kò gbàgbé. Mo mọ ìró yẹn, mo mọ ibi tí ẹ̀rọ náà wà. Ìka ẹsẹ̀ mi ti gún ilẹ̀ láti dìde. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àgbà wà lórí mi. Ta ló ń dìde lábẹ́ àdúrà àgbà? Ta ló ń já ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu nígbà tó ń pe Ọlọ́run fún un? Mo sọ fún ara mi pé ó ku díẹ̀ kó parí. Mo ń ṣe àmín kíákíá, mo ń ṣe é sókè, kó lè yára. Bàbá rò pé ìgbàgbọ́ ló ń gbé mi, ó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ó gbàdúrà fún ìyàwó tí n kò tíì fẹ́, ìyẹn ìyá-ìyá yín, fún ọmọ tí n kò tíì bí. Ó gbàdúrà fún ọ, Fẹ́mi, bí a bá rò ó wò. Lẹ́yìn náà ló wá kan Sàlíù.

Ó ní, "Ọmọ tó wà nísàlẹ̀ yẹn, ilẹ̀ kò ní gbé e mì. Yóò gòkè wá láyọ̀."

Mo ní, "Àmín."

Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, mo sáré. N kò dúpẹ́. Èéfín ti kún abẹ́ páànù yẹn, ó wúwo, ó rọra ń wọ ẹnu kànga bí ẹni tó mọ ọ̀nà. Mo pa ẹ̀rọ náà. Ìgbà tí ariwo dúró ni mo wá gbọ́ bí ibẹ̀ ti dákẹ́ tó. Mo pe Sàlíù. Mo pè é. Mo wo inú kànga, mo rí àtùpà tí a fi kọ́ sí ara ògiri fún un, ó ṣì ń jó. Ó ń jó dáadáa. Àtùpà mọ ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí, ṣùgbọ́n kò mọ èéfín ẹ̀rọ. Èéfín yẹn kì í pa iná. Ènìyàn ló ń pa.

Mo gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ẹnu kànga. Bàbá Alága ló gbá mi mú ní ìbàdí, àgbàlagbà tó ń tẹ̀lé mi bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, n kò mọ ibi tó ti rí agbára. Ó ní, "Fa okùn. Má wọ̀ ọ́, fa okùn." Àwa mẹ́ta la fà á, èmi, òun àti Màmá Bíọ́lá. Sàlíù kò lu ògiri, kò bú mi. Nígbà tí orí rẹ̀ yọ, ó ṣubú síwájú. A tẹ́ ẹ sílẹ̀, ara rẹ̀ ṣì gbóná, a ń fẹ́ ẹ, a ń pè é. A gbé e sínú ọkọ̀ aládàáni kan tó ń kọjá. Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ kàn án lọ́rùn, ó ní, "C'est fini, monsieur," ó sì fa aṣọ bò ó.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn Mùsùlùmí ti sin ín. Àwọn aládùúgbò ní ẹ̀mí tó ni kànga ló mú un. Mo ní bóyá. Àwọn ènìyàn wa ní afẹ́fẹ́ burúkú ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Màmá Bíọ́lá bi mí, "Ṣé jẹnẹrétọ̀ mi kọ́?" Mo ní rárá, kó fọkàn balẹ̀. Bàbá Alága sunkún ju gbogbo wa lọ. Ó ní òun ìbá tètè jí lọ́jọ́ náà, òun ìbá ti gbàdúrà yẹn fún un kó tó wọ kànga. Kí ni kí n sọ? Kí n sọ fún un pé àdúrà náà ló gùn? Ó kú láìmọ̀. Ìyá-ìyá yín kú láìmọ̀. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, òní yìí, lórí àga yìí.

N kò wọ kànga mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, n kò sì dúró lẹ́nu rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo lọ ń tọ́jú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ ń bi mí ìdí tí mo fi ń kúrò ní pálọ̀ tí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀, ẹ rò pé ariwo ni n kò fẹ́. Mo máa ń lọ wo ibi tí gbogbo yín wà ni. Mo máa ń kà yín.

Nítorí náà, Fẹ́mi, ẹ̀rọ tí o gbé wọ inú ọgbà yìí, gbé e padà fún ẹni tó yá ọ. Kò gbọdọ̀ wọ kànga, kò gbọdọ̀ dún nítòsí kànga. Ó wù mí kí n sọ pé ìwọ náà kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Mo ti fẹ́ sọ ọ́ láti àná. Mo sì gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ láàárọ̀ yìí, mo rí ìyá rẹ̀ tó ń sẹ́ omi ìdọ̀tí kó lè lò ó lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá jẹ́ pé o gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, wọ̀ ọ́ bí àwa ti ń wọ̀ ọ́. Ṣí i lónìí kó mí. Fi àtùpà wò ó lọ́la. So okùn. Fi korobá kó ẹrẹ̀, kí o kà á, kí o kà á sókè. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjì tó fẹ́ wá ràn ọ́ lọ́wọ́, kí wọ́n fà á. Ó ku ẹyọ kan. Ẹni tí yóò dúró lẹ́nu kànga tí yóò máa dá ọ lóhùn, tí kò ní ṣe nǹkan mìíràn. Àwọn tó mọ bí a ti ń wọ kànga kò tíì tán nílùú yìí. Èyí tó mọ bí a ti ń dúró ni n kò rí mọ́. Sandrine yóò wo tẹlifóònù rẹ̀. Ìyàwó rẹ yóò gbọ́ ẹkún ọmọ. Ta lo fẹ́ fi síbẹ̀?

Kí lo wí?

Tún un sọ.

Èmi? Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí? O ní nítorí rẹ̀ gan-an ni. O ní kò sí ẹlòmíràn tí o lè gbé okùn rẹ lé lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa. Ẹ wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ yìí kò lè fa ẹnikẹ́ni mọ́, ohùn nìkan ló kù.

Ó dáa. Màá dúró. Ṣùgbọ́n ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ lọ́la, Sandrine, kí o lọ ti géètì iwájú yẹn ní àgádágodo, kí o mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wá fún mi. Pásítọ̀ máa ń yà wá kí mi ní ọjọ́ Sátidé. Bó bá kànkùn, kó kànkùn. Bó bá pe orúkọ mi títí, kó pè é. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn fún un, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ dá a lóhùn nínú ilé yìí, títí Fẹ́mi yóò fi gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí ilẹ̀.